Sí Clotilde, Tí Ń Gba Owó Oṣù Nítorí Pé Ó Ń Tọ́ Ọbẹ̀ Ọlọ́bẹ̀ Wò

Ìdí-Àràbà, lẹ́yìn Kétu,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìgbà tí òjò dá.

Clotilde, Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú oòrùn Kùtọnú, mo kí ọ kú ariwo, mo kí ọ kú èéfín alùpùpù àwọn sẹ́mìjàn tó ń gbé èrò. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Mi ò ní bi ọ́ bóyá o ń jẹun, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìyẹn gan-an niṣẹ́ tí o lọ ń ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí egungun ẹja há ọ lọ́fun lẹ́nu iṣẹ́. Kí abọ́ ẹlẹ́gbin má kan ọwọ́ rẹ. Kí ẹni tí o bá bú ọbẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn má fi ọmọrogùn lé ọ já títì. Àmín.

Bàbá rẹ kí ọ. Inú tí ń ta á kò tíì san, dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ata kan ẹnu, kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu, ẹ̀kọ lásán ló ń mu láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Àgbàdo wa yè. Ewúrẹ́ funfun bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Òrùlé ilé ìdáná tí atẹ́gùn ká lọ́jọ́sí, Régis ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi páánù ránṣẹ́, kí Ọlọ́run máa ṣí ọ̀nà fún un ní èbúté tó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ Régis yé mi. Ọkọ̀ ojú omi gbé ẹrù dé, Régis sáré ìwé, ẹrù jáde, wọ́n fún un lówó. Ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ gan-an, tí o bá sọ ọ́ fún un, yóò yé e. Tìrẹ ni mi ò rí sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, má rò pé mo lọ bẹ ẹnìkan. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àgbà lọ́dọ̀ Mẹ́tírì Mùílíù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa arúgbó ní kíkọ àti kíkà èdè wa, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, mo mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó fà á tí mo fi padà sórí bébà ni pé pọtábù ti já mi kulẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Mo sọ̀rọ̀ sínú wátsáàpù, mo sọ ọ́ títí ìka mi fi kú lórí ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, mo rí i pé o fa ìlà kékeré méjì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Ní kíláàsì tiwa, bí èèyàn bá gba ìbéèrè, ìlà kan péré ni Mẹ́tírì ń fà sí i pé ó tọ́. Ìwọ fa méjì, àwọn méjèèjì sì tún dúdú bí aró. Inú mi dùn, mo gbé e káàkiri agbolé, mo ní ẹ wá wò ó, Clotilde ti gbà pé mo jàre. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. O gbà pé mo jàre, o fa ìlà méjì, o sì jókòó tẹtẹrẹ sí Kùtọnú. Irú gbígbà wo nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ náà rèé, mo tún un sọ, kí o má baà ní atẹ́gùn ló gbé e lọ. Ilé-ìwé abúlé wa ti ní kàǹtínì. Ìjọba kó ìrẹsì, òróró àti ẹ̀wà wá, wọ́n ní kí àwa òbí yan obìnrin kan tí yóò máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ, igba ọmọ ó lé mẹ́tàdínlógún, obìnrin náà yóò sì máa gba nǹkan lóṣooṣù. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe èmi? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà lábẹ́ àtíbàbà létí títì. Àwọn onílọ́rì tó ń ti Kùtọnú bọ̀ ń fi ebi gba Pobè kọjá, kí àyè lè wà nínú wọn fún tèmi. Ọbẹ̀ yìí náà ni mo fi rán ọ níwèé, ìwọ àti Régis. Kọ̀mítè àwọn òbí ti fẹnu kò. Ó ku kí n fọwọ́ sí i, ọwọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n fi kọ orúkọ ara mi.

Àfi bí Bàṣírátù ṣe gbé ìwé ìròyìn jáde. Bàṣírátù ni ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti Pobè ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí ìrẹsì rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra bí àmọ̀ ìmọlé. Òun náà fẹ́ kàǹtínì. Ìwé ìròyìn yín ló gbé jáde. Orúkọ rẹ wà lókè, àwòrán rẹ wà níbẹ̀, o di ṣíbí mú bí ọba di ọ̀pá àṣẹ. Sébastien, dìrẹ́tà ilé-ìwé, ka Faransé inú rẹ̀, ó sì ń tú u fún kọ̀mítè lójú mi. Ilé oúnjẹ kan ní Kùtọnú ni o lọ jẹun, o bú wọn, o bú àga wọn, o bú ẹja wọn, ìyẹn ò kàn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bú wọn dé orí iyọ̀, o ní ọbẹ̀ ẹ̀pà wọn níyọ̀ tó ọbẹ̀ ìyá rẹ, èyí tí o jẹ nígbà tí o wá kí wa ní ọdún Àjíǹde. Clotilde! Ìyá tó bí ọ lo fi wọn iyọ̀! Gbogbo ojú yí sí mi. Bàṣírátù fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kọ̀mítè bá ní ó dáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ṣe ojúsàájú, kí àwa méjèèjì se ọbẹ̀ ẹ̀pà ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn yóò jẹ ẹ́, ẹni tí tirẹ̀ bá dùn ni yóò gba kàǹtínì. Èmi àti Bàṣírátù! Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí i! Mo lọ sílé, mi ò kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí ẹ ní ẹ ń ṣe náà rèé. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni ọmọ mi ń ṣe ní Kùtọnú, mo ní ó ń kọ̀wé. Wọ́n ní ìwé kí ni? Mo ní ìwé oúnjẹ. Wọ́n ní ṣé ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọn ó ṣe sè é ni? Mo ní rárá, ó ń jẹ ẹ́ ni. Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é ní rere, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ àìsàn aláìsàn. Bí jíjẹ bá jẹ́ iṣẹ́, ewúrẹ́ bàbá rẹ ìbá ti di mínísítà. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá jí ìkòkò ṣí, tí o tọ́ ọbẹ̀ wò, mo máa ń lù ọ́ ni, mo máa ń pè ọ́ ní alájẹkì. Mi ò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń lé ọ kúrò. Mo ta ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo ta àwọn aṣọ ìgbéyàwó mi, kí o lè kọ́ ìwé òfin ní yunifásítì Kàlàfí, mo ti ń fọ́nnu fún gbogbo ìlú pé ọmọ mi yóò di adájọ́. O kúkú di adájọ́. Ẹjọ́ ẹja díndín lo ń dá.

Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ náà fún mi, o ní kìrìtíìkì gásítìrònómíìkì. Mo ká ọwọ́ lérí. Oṣù yẹn gan-an ni dókítà Kétu ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún bàbá rẹ pé inú tó ń ta á, gásítìríìtì ni wọ́n ń pè é. Mo ní yéè, ó ti ran ọmọ. Ti bàbá kàn jẹ́ gásítìríìtì lásán, ti ọmọ ti gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di gásítìrònómíìkì, ó tún wá ní kìrìtíìkì níwájú. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà. Mo lọ wa egbò, mo já ewé, mo se àgbo kíkorò tí bàbá rẹ ń mu, mo rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́ta, mo fi rán onímọ́tò sí ọ, mo ní kí o máa mu ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Kí lo fi í ṣe? O pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ife onígíláàsì, o sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ohun tí èèyàn lè mu ṣáájú oúnjẹ ni, pé ó ní adùn gbòǹgbò àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, pé ó máa ń pẹ́ lẹ́nu. Kí ló ṣe tí kò ní í pẹ́ lẹ́nu? Àgbo inú rírun ni! Régis ní méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò lè dìde kúrò ní ilé ìyàgbẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ni o ò kọ sínú ìwé ìròyìn.

Má sì rò pé mo ń sọ ohun tí ojú mi ò rí. Nígbà tí mo wá kí ọ lọ́dún tó kọjá, tí mo wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ ní Agblangandan, o ní kí n múra, o fẹ́ mú mi lọ síbi iṣẹ́ kí n lè mọ̀ ọ́n. Mo wọ léèsì mi, mo wé gèlè. A dé ilé oúnjẹ ńlá kan tó kọjú sí òkun, tútù ibẹ̀ fẹ́ pa mí. Wọ́n gbé àwo dé, àwo náà fẹ̀ tó atẹ tí mo fi ń fẹ́ ìrẹsì, oúnjẹ inú rẹ̀ ò sì ju èyí tí mo máa ń jù fún adìẹ tí mi ò bá fẹ́ kó tẹ̀lé mi mọ́. Wọ́n fi ọbẹ̀ kán tó, tó, tó sí etí rẹ̀. Mo ní ó dà sílẹ̀ ni, ṣebí alásè ni mí, ojú tì mí fún ẹni tó bù ú, mo yáa fi ìka nù ún, mo lá a kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí i. O fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, o ní ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀ṣọ́! Mo bi ẹni tó gbé e wá pé ìgbà wo ni ìyókù ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ, kò sì gbé nǹkan kan bọ̀.

Àárín tábìlì ni wọ́n gbé abọ́ kan tó ń dán bíi fàdákà sí, omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, omi náà pọ́n díẹ̀. Mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé díẹ̀, wọ́n rántí omi ìfọwọ́. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, mo sì bu díẹ̀ sójú torí oorun ọkọ̀ ṣì wà lójú mi. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Mo rò pé ìwà mi ló wú wọn lórí. Ìgbà náà ni ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wà lọ́tùn-ún mi gbé ife ọtí àjàrà, ó yí i, ó tún yí i, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó mu ún, ó ń fi í fọ eyín, ó sì nà síwájú mi, ó tu ú sínú abọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́jú. Clotilde, mo pariwo. Mo pariwo débi pé àwọn alásè jáde. Kí n tó mọ̀, ìwọ náà ti mu tìrẹ, o ti tu ú. Ọmọ tí mo fún lọ́mú, tí mo kọ́ pé a kì í tutọ́ níbi tí àgbà bá jókòó sí! Mo bi ọ́ pé ṣé ọtí náà ti kan ni, o ní rárá, ó dára púpọ̀, ìgò kan tó owó àpò ìrẹsì méjì. Ó dára púpọ̀, ẹ sì ń tu ú! Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí ọtí bá dára, a ó gbé e mì, a ó na ife pé kí wọ́n tún bù sí i. Bí kò bá dára, a ó tu ú, a ó sì bú ẹni tó gbé e wá. Kò sí ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn náà lo lọ kọ ọ́ pé ọtí ọ̀hún ń rùn bí awọ ẹran, bí tábà, bí òkúta tí omi pa. Régis ló kà á fún mi. Mo ní ó kúkú gbìyànjú, ó bú wọn bó ṣe yẹ. Régis ní rárá o, màmá, ìyìn ni. Ìyìn! Bí ọtí sódábì tí wọ́n ń sè lábúlé wa bá rùn bí awọ, orí ẹni tó sè é ni wọn ó dà á sí. Èmi, bí mo bá ti ní ọbẹ̀ dùn tàbí kò dùn, ó tán. Ẹ̀yin máa ń fi ojú ewé odindi kan sọ pé ebi ò pa yín.

Jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ kàǹtínì, torí ìbínú ń gbé mi lọ. Wọ́n fún èmi àti Bàṣírátù ní ìwé kan láti kọ ọ̀rọ̀ sí, fíìsì ni wọ́n ń pè é, Faransé ló kún inú rẹ̀, Mẹ́tírì Mùílíù ń tú u fún mi. Orúkọ, mo kọ ọ́. Ọdún tí wọ́n bí mi, mo kọ ọdún tí eéṣú jẹ oko. Wọ́n ní nọ́ńbà làwọn fẹ́. Mo ní nọ́ńbà pọtábù nìkan ni mo ní, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ó wá kan ibì kan tí Mẹ́tírì ní wọ́n ń béèrè ẹni tí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún nítorí ìjàǹbá. Mo ní ìjọba gbọ́n. Mo kọ Bàṣírátù, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kí wọ́n kìlọ̀ fún un dáadáa kó tó kan iná. Dìrẹ́tà Sébastien rí i, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní màmá, ẹni tí a óò sáré ké sí bí nǹkan bá ṣe yín ni wọ́n ń béèrè. Ó ní ta ni kí àwọn kọ? Mo ronú. Bàbá rẹ kò lè sáré. Régis, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kì í jẹ́ kó gbé pọtábù. Mo ní kí ó kọ Clotilde. Ó ní ṣé Clotilde tó kọ ọ̀rọ̀ iyọ̀? Mo ní òun náà ni, ṣé mo ní òmíràn ni?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn máàsì, mo se ọbẹ̀ ẹ̀pà náà kí n fi dán ara mi wò, mo ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì àgbà jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ní ó dùn. Wọ́n ní màmá, ọwọ́ yín kò ní í rọ. Mẹ́tírì Mùílíù jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó ní òun ti jẹun wá láti ilé, ó sì mu omi ife mẹ́rin. Ooru mú lọ́jọ́ náà. Ìyá kan láàárín wa ní tòun dùn débi pé òun ò lè dá jẹ ẹ́, ó dà á sínú àwo, ó gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì mo rí ajá rẹ̀ létí kànga tó ń lá omi ilẹ̀, kò gbórí sókè nígbà tí mo kọjá. Mo ti kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀ láti fi já ọ níyàn. Mo kọ ọ́ pé odindi kíláàsì ní ó dùn, pé ẹnu tìrẹ ni ọtí àwọn Faransé ti bàjẹ́. Ojú ewé méjì gbáko ni. Mo ti ya wọ́n.

Àwẹ̀ró, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ojú ń tì mí. Láti ìgbà ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ lóṣù kejì ọdún yìí ni ẹnu mi ti kú. Mo kọ́kọ́ rò pé iyọ̀ tí wọ́n ń tà láyé ìsinsìnyí ni kò lágbára mọ́. Mo bú ìyá oníyọ̀ lọ́jà, mo pààrọ̀ iyọ̀, mo ń bù ú sí i. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí bàbá rẹ lọ rí dókítà, mo gbé ìkòkò kékeré méjì kaná, omi lásán ló wà nínú wọn. Mo da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí ọ̀kan, mi ò fi nǹkan kan sí èkejì. Mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀, mo di ojú, mo yí wọn po títí mi ò fi mọ èwo ni èwo. Mo tọ́ ọ̀kan wò, mo tọ́ èkejì wò, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́. Omi gbígbóná ni méjèèjì. Mo jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, mo sunkún bí ọmọdé.

Àṣé gbogbo wọn ló mọ̀. Àwọn onílọ́rì mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọn fèrè kí mi, tí wọn kì í dúró mọ́, tí mo sì ń sọ fún bàbá rẹ pé epo ọkọ̀ ló wọ́n. Mẹ́tírì mọ̀. Gbogbo wọn fi ọ̀wọ̀ parọ́ fún mi. Ìwọ nìkan ni kò parọ́, àmọ́ gbogbo Kùtọnú lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn, o jẹ ẹ́ tán, o fi ìka lá abọ́, o ní ẹ ṣé o, màmá, ó dùn. Kí ló dé tí o lè sọ ọ́ fún àlejò, tí o ò lè sọ ọ́ fún mi? Ìyẹn ló dùn mí ju ẹ̀rín Bàṣírátù lọ.

Ní báyìí, wá. Má fi pọtábù dá mi lóhùn, má fa ìlà kankan, wá. Kí o dé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwa méjèèjì la ó jọ wà nídìí iná. Èmi yóò máa bá ọ wí bí mo ṣe máa ń ṣe, ìwọ yóò máa tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá tó, kí o wúkọ́. Bí kò bá tó, kí o họ orí. Bàṣírátù lójú bí àṣá, nítorí náà má ṣe sọ Faransé níbẹ̀, má sì mẹ́nu kan òkúta àti awọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ṣe ni kí o ní o wá kọ́ ọbẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ ni. Mo ti rò ó bóyá èrú ni. Kì í ṣe èrú. Ọwọ́ tèmi, ẹnu tìrẹ, ọbẹ̀ kan náà ni. Bí a bá gba kàǹtínì, a ó wá ọgbọ́n dá sí ìyókù, bóyá kí o fi ìlà sàmì sí ife tí n ó máa fi wọn iyọ̀ náà, kí n máa fi ojú rí ohun tí ẹnu ò rí mọ́.

Bí o bá ń bọ̀, mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dání fún ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ àti igi ìdáná, kí o mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún oògùn bàbá rẹ. Gbé e lọ́wọ́, má fi í ránṣẹ́ sínú pọtábù. Ọmọbìnrin tó ń san owó inú pọtábù ní Kétu yọ díẹ̀ nínú èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ó ní ti fúrẹ̀ ni. Mo mọ fúrẹ̀, fúrẹ̀ ni ẹja tútù. Mo ní ta ló ní kí ó fi owó mi sínú fírísà? Kó dá a padà bó ṣe gbóná. Wọ́n tì mí síta. Mẹ́tírì ní owó iṣẹ́ wọn náà ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀, mi ò gbà. Kí o sì yà ní ọjà Misẹ̀bò, kí o bá mi mú bùláòsì àlòkù kan tó mọ́, kí n má wọ aṣọ tó ya níwájú kọ̀mítè. Má gbé ọtí àjàrà wá.

Kí Ọlọ́run gbé ọ dé láìfarapa. Kí ó dáàbò bò ọ́ lọ́wọ́ àwọn tí o ń bú, torí wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ rẹ, bí kò tilẹ̀ yé mi, kí ó máa gòkè, kí wọ́n máa bọ́ ọ dáadáa kí o tó bú wọn. Ahọ́n tó mọ iyọ̀ nínú ọbẹ̀ mi yẹn, ara mi ni mo ti gé e lé ọ lọ́wọ́. Tèmi ti kú, Clotilde. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí tìrẹ bá ọ dalẹ́. Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, Màmá Régis, alásè.